Martial kì í ṣe ẹlẹ́ẹ̀ébú lásán

Tí wọ́n bá dárúkọ Martial, akéwì Róòmù àtijọ́ nì, ẹ̀fẹ̀ àti èébú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí. Mi ò bá wọn jiyàn. Ewì rẹ̀ mìíràn kò ju ìlà méjì lọ, síbẹ̀ á ta èèyàn bí agbọ́n. Ẹ gbọ́ èyí tó kọ sí dókítà kan: “Ara mi ò yá, Symmachus, o sì tètè dé, ìwọ àti akẹ́kọ̀ọ́ 100. Ọwọ́ 100 tí òtútù ti mú ló kàn mí lára. Mi ò ní ibà tẹ́lẹ̀. Mo ti ní in báyìí.”

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ẹ̀rín. Ó kọ ewì kan nípa Gellia, obìnrin tí baba rẹ̀ kú. Tó bá ku Gellia nìkan nílé, ojú rẹ̀ á gbẹ táútáú. Kí àlejò ṣáà ti yọjú, omijé dé nìyẹn. Martial ní ẹni tó ń wá ìyìn kò ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó ń sunkún níbi tí kò ti sí ẹlẹ́rìí ni ọ̀ràn dùn. Ní ayé tí a ti ń gbé òkú ọ̀rẹ́ sórí Facebook kí a tó kí ìyàwó rẹ̀ kú ara fẹ́ra kù, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ikú kò bá fọwọ́ bà rí kò lè mọ ẹkún èké tó bẹ́ẹ̀. Ẹrúbìnrin kékeré kan wà nílé Martial, Erotion lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 6 ló kù kó pé ọmọ ọdún 6 tó fi kú. Martial bẹ bàbá àti ìyá tirẹ̀ tó ti kú ṣáájú pé kí wọ́n gba ọmọ náà mọ́ra, kí ẹ̀rù òkùnkùn àti ti ajá ẹnubodè ọ̀run má bàa bà á. Ó wá bẹ ilẹ̀: má wúwo lórí rẹ̀, òun náà kò wúwo lórí rẹ. Mo mọ̀ pé ẹrú ni ọmọ yẹn, mo sì mọ̀ pé òun ló ni ín. Ìyẹn kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ ewì náà ń pa mí lẹ́kún.

Ibi tí mi ò ti lè gbèjà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Domitian, olú ọba Róòmù ayé ìgbà náà. Ó yin ọba ìkà yẹn títí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á ní ọdún 96, ló wá ní kí ọ̀rọ̀ ìpọ́nni máa lọ. Ẹni tó rí èké ojú Gellia kedere yẹ kó rí ti ara rẹ̀.

Bó ti wù kó rí, ìlànà kan tó fi lélẹ̀ wù mí kí gbogbo wa tí à ń kọ nǹkan síta mú lò: ó ní ìwé òun mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn sí, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa ìwà burúkú. Ìwọ tó gbé fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ síta, tó o ń bú u, tó o ní àwàdà ni, ibo lo ti rí irú àwàdà yẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwé rẹ̀ karùn-ún. Symmachus wà níbẹ̀, Erotion wà níbẹ̀, ìyìn Domitian náà sì wà níbẹ̀.