Ta ni ó ṣẹ̀dá orin "Respect"?

Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín kiri ni pé Aretha Franklin, akọrin obìnrin ará Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ni ó ṣẹ̀dá orin "Respect" láti fi jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Otis Redding, akọrin ọkùnrin ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1965. Nínú tirẹ̀, ọkùnrin ni ó ń bẹ obìnrin pé kí ó bọ̀wọ̀ fún òun nígbà tí òun bá wọlé dé.

Ohun tí Aretha ṣe kò kéré rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1967, ní ìlú New York, ó fi ọ̀rọ̀ náà sí obìnrin lẹ́nu, ó fi ibi tí a ti ń pe R-E-S-P-E-C-T ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kún un, Erma àti Carolyn tí òun pẹ̀lú wọn jọ jẹ́ ọmọ ìyá sì ṣe elégbè rẹ̀. Ìtumọ̀ tí àwọn obìnrin fi ń yangàn lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti wá.

Ṣùgbọ́n títún orin tò yàtọ̀ sí jíjẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí rédíò bá gbé orin sáfẹ́fẹ́, ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni owó ń lọ bá, kì í ṣe ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó wo ojú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ọdún 1967 náà: orúkọ Redding ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin. Kí ó sì gbọ́ orin méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Nínú ti ọdún 1965, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti pe lẹ́tà kankan.