Ẹ Jẹ́ Kí Apàlọ́ Jókòó

Iná ọba ti lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, àmọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà tó jókòó sórí ẹní ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Màmá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló ń pàlọ́ fún wọn ní agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní lọ́jọ́ kan, Ananse kó gbogbo ọgbọ́n ayé jọ sínú ìkòkò amọ̀, ó so ó mọ́ àyà, ó fẹ́ lọ fi í pamọ́ sórí igi. Ọmọdébìnrin kan fò dìde: "Ìjàpá ni o, Màmá! Akèrègbè ló sì so mọ́ àyà, kì í ṣe ìkòkò!" Màmá wò ó títí, ó ní: "Ìjàpá ni níbí. Ní Kùmásí tí wọ́n bí mi sí, Alántakùn ni. Jẹ́ n parí tèmi ná."

Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú yìí kò ní bèèrè bí Alántakùn ṣe dé agboolé wa. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ná ọjà Gánà láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, wọ́n kọ́lé níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ọjà sílẹ̀. Èyí tó wà nínú orí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ wọn ní bodè, àlọ́ sì wà lára rẹ̀.

Kì í ṣe Gánà nìkan. Ẹ lọ sí Sábó nírọ̀lẹ́. Bàbá onísúyà tí ẹ ń bá dúnàándúrà mọ Gizo, alántakùn ẹlẹ́tàn tí Koki ìyàwó rẹ̀ kì í gbádùn. Ta ni kò rí Yánníbo nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Bí Hausa bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á ní "Ga ta nan, ga ta nan ku!", àwọn ọmọ á dáhùn pé "Ta zo mu ji ta!": kó wá, ká gbọ́ ọ. Ààlọ́ o, ààlọ̀ náà nìyẹn. Àwọn Igbo tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní tiwọn ń pe Ìjàpá ní Mbe, òun ló yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ kó lè bá wọn lọ jẹun lókè, tó sì já bọ́ tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi sán. Inú ìlú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ọmọ wọn ń bá ọmọ wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níléèwé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gbọ́ àlọ́ ẹnì kejì.

Ohun tí a ń rí báyìí ni ọjọ́ àṣà. Wọ́n á wọ aṣọ òkè fún àwọn ọmọ, àwọn òbí á na fóònù sókè, alága á sọ̀rọ̀, alága àgbà á tún sọ̀rọ̀. Níbi kan tí a wà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún bàbá apàlọ́. Kò tíì dé ibi orin tí olóòtú ètò fi gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọlọ́lá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọ̀sán gangan sì ni, nígbà tí àwọn àgbà ò fẹ́ kí á máa pàlọ́, nítorí iṣẹ́ ń dúró. Àlọ́ tí kò ní ègbè ti di ìròyìn.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, láti Arówómọ́lé títí dé Ìkòyí-Ilé àti Ajáàwà, ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù ní ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí bàbá àti ìyá bá ọmọ wọn wá, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n jọ gbe orin. Kí apàlọ́ Yorùbá pàlọ́, kí ti Hausa pàlọ́, kí ti Fúlàní, ti Igbo àti àwọn tó dé láti Gánà náà pa tiwọn, kálukú ní èdè rẹ̀, kí ògbufọ̀ dúró tì í. Kí ọlọ́lá tó bá wá jókòó sórí ẹní bíi ti gbogbo èèyàn. Kí wọ́n sì sanwó fún apàlọ́. Onílù ń gbowó, alága ìdúró ń gbowó, kí ló dé tó fi jẹ́ "ẹ ṣé, Màmá" nìkan ni ti apàlọ́?

Wọ́n á ní owó dà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ kò tíì tán, a mọ̀, ṣùgbọ́n owó ẹní àti owó ọ̀kadà kì í ṣe ohun tí káńsù ń retí Àbújá fún.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti di kánjúkánjú. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ níléèwé. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí iléèwé bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èdè wa, níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ "gbáńgbáláká" àti "gbàǹgbàlàkà" tí yóò fi mọ ìyàtọ̀ wọn?

Àwọn kan ti bi wá pé ṣé ní àsìkò tí ẹ̀rù àjínigbé ń bà wá yìí ni a fẹ́ kí àjòjì jókòó ti ọmọ wa. Ẹ̀rù náà tọ́, a kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ bàbá onísúyà tó ti wà ní Sábó kí wọ́n tó bí ẹ kì í ṣe àjòjì. Akíntọ́lá, ọmọ ìlú yìí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ fún ẹnu dídùn, Minna ló gbé ní kékeré, ó sì gbọ́ Hausa àti Nupe dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìyẹn ba Yorùbá rẹ̀ jẹ́.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ babaláwo pọ̀ jù nínú àlọ́. Olùkọ́ kan sọ fún wa pé nínú àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún ìyàwó rẹ̀ kó lè lóyún, "dókítà" ni òun ń pe babaláwo náà báyìí. Orin náà kò bá ìlù mu mọ́, àwọn ọmọ sì ń bèèrè bóyá Ìjàpá gba káàdì. Ẹ fi babaláwo sílẹ̀ síbi tó wà.

A padà lọ bá Màmá Kùmásí, a bi í pé bí káńsù bá pè é, èló ni yóò gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣáà san owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, kí wọ́n sì tan iná tí òun yóò fi máa rí ojú àwọn ọmọ. Ó kéré jù. Kí káńsù má gbà fún un.