Ẹ̀jẹ̀ Wa Wà ní New Jersey, Owó Wa Dà?

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bínú sí Amẹ́ríkà. Owó wọn ni, àwọn ni wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún 2025 tí NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, ti kéde pé fásitì Amẹ́ríkà tó bá gba owó ìwádìí tuntun lọ́wọ́ òun kò ní lè bù nínú rẹ̀ fún alábàáṣiṣẹ́ ní òkè òkun títí ètò mìíràn yóò fi dé, ohun tí a ń gbọ́ kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ: kí ẹnìkan bá wa bẹ Amẹ́ríkà. A kò ní bá wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Gbà-mí-gbà-mí kò yẹ àgbà, ẹran-ń-lé-mi-bọ̀ kò sì yẹ ọdẹ.

Ìdí tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ni pé àwọn kò lè tọpa owó náà délẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ààbò ìlú wọn lé e. (Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti tọpa owó ìjọba nílẹ̀ yìí kò ní bá wọn jiyàn lórí ti àkọ́kọ́ yẹn.) Wọ́n ní nígbà náà pé ètò tuntun kò ní kọjá ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2025. Èyí tó kàn wá ni pé ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ní Maryland, ibi tí NIH wà, tó láti mú kí ẹni tó ń ṣèwádìí ní Ìbàdàn má mọ̀ bóyá òun yóò rí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ òun san. Ọ̀rọ̀ tí ojú ewé yìí ti ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. A sọ ọ́ ní 2022 nígbà tí àwọn fásitì fi oṣù mẹ́jọ wà ní títì. A tún un sọ nígbà tí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn wà nínú òkùnkùn. Ìwádìí tí owó rẹ̀ bá ti òkè òkun wá, òkè òkun ló lè dá a dúró.

Owó náà ṣe wá lóore, kí a má parọ́. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ìbàdàn àti Indianapolis ní 1992, níbi tí wọ́n ti fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láti wo ta ni àrùn ìgbàgbé ń mú. Èsì tó jáde ní 2001 ya gbogbo ayé lẹ́nu: iye àwọn àgbà Ìbàdàn tí àrùn náà ń mú lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn ará Indianapolis. Ìmọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè, owó ta ni yóò tẹ̀lé e wò nísinsìnyí pé kí ni ó dáàbò bo àwọn ìyá àgbà wa ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún ń bẹ. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan dáwọ́ lé iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, láti mọ ibi tí àbùdá ọmọ ènìyàn ti yàtọ̀ síra. Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Yorùbá láti Ìbàdàn ni 90 nínú wọn, ìdá kan nínú mẹ́ta géérégé: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30. Ẹ bi onímọ̀ àbùdá èyíkéyìí ní Tokyo tàbí London pé kí ni YRI, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wojú òkè kó tó dá yín lóhùn. Yorùbá ní Ìbàdàn ni. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo wọn. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ náà sì wà nínú fírísà ilé ìwádìí Coriell ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń sanwó gbà á.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Illumina fẹ́ fi han ayé ní 2008 pé ọ̀nà tuntun tí òun fi ń ka DNA ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ta ni ó lò? Ti ọkùnrin kan nínú àwọn ará Ìbàdàn yẹn ni. A kò mọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é: NA18507. Kẹ́míkà aláwọ̀ mẹ́rin ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì bí wọ́n ti ń ka lẹ́tà DNA rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ègé kéékèèké ni wọ́n ń kà á, kọ̀ǹpútà ló sì ń tò ó padà bí ẹni ń to àfọ́kù ìkòkò. Kẹ́mísìrì, ara ọmọ ènìyàn àti kọ̀ǹpútà, nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n sì fi ṣe é. Ó wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n ka gbogbo àbùdá wọn tán.

A kò sọ pé wọ́n jí ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n gba àṣẹ, wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó, àwọn ọmọ wa bíi Charles Rotimi àti Clement Adebamowo sì wà níbẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ Abuja ni pé láti ìgbà náà, ilé ìwádìí mélòó ni ẹ fi owó ara yín dá sílẹ̀ tó lè ka irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tú u?

Ẹ má dárúkọ Ẹdẹ fún wa. ACEGID, ilé ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn tí Christian Happi ń darí ní Redeemer's University níbẹ̀, ògo wa ni. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, wọ́n wà lára àwọn tó tètè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó tó di pé a rí i lé lọ nínú oṣù Kẹwàá. Nígbà tí ará Ítálì kan gbé Kòrónà dé ní ìparí oṣù Kejì 2020, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ka àbùdá kòkòrò náà tán ní Ẹdẹ, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Kò sí olóṣèlú tí kò bá wọn yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Báńkì Àgbáyé àti NIH yìí kan náà wà lára àwọn tó náwó sí i. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀ yóò ṣo ni. Amẹ́ríkà ti ń bèèrè ṣòkòtò rẹ̀ báyìí, a wá ń wo ara wa lójú láàárín ọjà.

Èyí tó dùn wá jù kò sì ní Amẹ́ríkà nínú ní ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Niprisan ni. Àgbo ìdílé Àlùfáà Paul Ogunyale ni, èyí tí wọ́n ń lò fún fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn sickle cell. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ tí kò mọ̀ wọ́n: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Àlùfáà náà kò gbé e pamọ́ sínú ikùn bí ọ̀pọ̀ àgbà ti ń ṣe. Ó gbé e fún NIPRD, àjọ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Charles Wambebe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 82, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001 pé ìrora líle tó ń dá àwọn aláìsàn náà wólẹ̀ dín kù. Amẹ́ríkà ti fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ oníǹkan láti 1998. Ó ṣì ku kí wọ́n dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i, àmọ́ ẹsẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Kí ni ìjọba wá ṣe? Ní 2002, wọ́n fà á lé ilé iṣẹ́ kékeré kan lọ́wọ́, Xechem, ti ìpínlẹ̀ New Jersey. (Bẹ́ẹ̀ ni o, New Jersey náà ni.) Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nicosan, wọ́n gbé e jáde ní Abuja ní 2006, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí rà á fún ọmọ wọn. Nígbà tó di 2008, gbèsè gbé Xechem mì. Oògùn náà tán lórí àtẹ. Ìyèré kò tán lọ́jà, kànáfùrù kò tán, osùn ṣì wà nínú igbó. Owó àti ìfaradà ìjọba ló tán.

Ní ìparí 2023, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy fún àrùn yìí kan náà. Ìmọ̀ náà jinlẹ̀: kọ̀ǹpútà fi àbùdá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wé ara wọn títí ó fi tọ́ka ibi tó ń pa irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, àwọn onímọ̀ wá fi àlùmọ́gàjí CRISPR, èyí tí Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna gba Nobel Kẹ́mísìrì lé lórí ní 2020, gé e níbẹ̀, kí ara lè padà máa ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ $2.2 mílíọ̀nù fún ẹnì kan. Nàìjíríà ló sì ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lágbàáyé, nǹkan bí 150,000 lọ́dọọdún. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera.

Wọn yóò ní kò sówó. A ti gbọ́ ọ sú. Nígbà tí Amẹ́ríkà dáwọ́ owó USAID, àjọ ìrànwọ́ wọn, dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ẹ̀yin aṣòfin rí $200 mílíọ̀nù fi kún owó ìlera nínú ìṣúná 2025. A yìn yín fún un. Ní 2025, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń san 3% nínú èrè wọn fún owó orí ẹ̀kọ́. Ẹ wọ ọgbà fásitì èyíkéyìí, ẹ ka iye ilé tí wọ́n kọ TETFund, àjọ tó ń pín owó náà, sí lára. Inú àwọn ilé náà ńkọ́? TETFund ní owó ìwádìí kan lóòótọ́, àmọ́ ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó símẹ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀ Èkó níbí ni àwọn olórí Áfíríkà jókòó sí ní oṣù Kẹrin 1980, tí wọ́n fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ná 1% gbogbo ohun tó ń mú wọlé sórí sáyẹ́ǹsì àti ìwádìí. Ó pé ọdún 45 ní oṣù Kẹrin 2025. Àwa tí a gba àlejò, àwa tí a se jọ̀lọ́ọ̀fù ìpàdé náà, a kò tíì débẹ̀.

A sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé ìgbìmọ̀ kankan kalẹ̀. Ẹ má pe àpérò sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Abuja. Ẹ má tẹ báàgì tí wọ́n kọ ìwádìí sí lára.

Àwọn kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti sọ gbogbo nǹkan dọ̀fẹ́ẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà AlphaFold tí Demis Hassabis àti John Jumper gba ìpín tiwọn nínú Nobel Kẹ́mísìrì lé lórí ní 2024 ti sọ bí nǹkan bí 200 mílíọ̀nù purotéènì, àwọn nǹkan tín-ín-tín tó ń ṣe iṣẹ́ inú ara, ṣe ká jọ, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi fóònù wò ó. Àmọ́ wíwò ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni kọ̀ǹpútà sọ gbọ́dọ̀ lọ pò ó nínú ìgò, ìgò ń fẹ́ kẹ́míkà, kẹ́míkà ń fẹ́ fírísà, fírísà ń fẹ́ iná. Láti oṣù Kẹwàá 2024 di oṣù Kejì 2025, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n fi já iná UCH nítorí gbèsè. UCH! Bí ilé ìwòsàn tó jẹ́ ìyá gbogbo wọn bá lè wà bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ fún ọmọ tó fẹ́ kàwé gboyè lórí purotéènì ibà?

Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti èyí tó ń rí sí ẹ̀kọ́ jọ kọ orúkọ gbogbo ìwádìí tí ìkéde NIH kàn ní fásitì àti ilé ìwòsàn ìkọ́ni wa, iye owó tó ń wọlé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye òṣìṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Kí àwọn aṣòfin fi náírà dí èyí tó bá pọn dandan jù, kí ẹ̀jẹ̀ àti àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ má bàa bàjẹ́. Kí TETFund máa gbé orúkọ ẹni tó gba owó ìwádìí àti èsì tó mú wá síta lọ́dọọdún, kí ẹni tó bá fẹ́ tọpa rẹ̀ lè tọpa rẹ̀. Àwọn gómìnà Yorùbá náà kò gbọdọ̀ máa wo Abuja lójú. Èkó ti dá LASRIC, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí, tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn márùn-ún tó kù mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní ti Niprisan, kí NIPRD sọ fún aráàlú ní kedere ibi tí iṣẹ́ dé, àti iye tí yóò ná wa láti dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2025 ti kọjá. Bí àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ìwádìí náà bá ti wà ní ọwọ́ mínísítà, kó fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí gan-an, a kò sì ní gba owó ìpolówó.