Ẹ Má Tíì Jókòó, Ibòmíì Ló Kàn

Tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, ẹni tó bá fojú ba yunifásítì rí nílẹ̀ yìí, kó yáa máa ṣọ́ fóònù rẹ̀. Wọn ò ní bi ọ́ kí wọ́n tó fi ọ́ sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù tuntun. Detty December lorúkọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n á fi àwòrán iná, ìgò ọtí àti ọkọ̀ òfurufú ṣe ìrù fún un. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni àwọn tí ẹ jọ gbé Akọ́kà tàbí Ifẹ̀, tí ẹ jọ ń da gààrí sórí ẹ̀wà àwìn. Ìdajì wọn ti jápa. Wọ́n ń bọ̀ wálé wá mọ Èkó. Ọmọ tí wọ́n bí sí Súrùlérè, tó kàwé ní Akọ́kà, tó tún ṣiṣẹ́ ní Yábàá kí físà tó jáde, òun náà ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá mọ Èkó.

Ẹ má bínú sí i. Èkó tó fi sílẹ̀ kọ́ ló ń wá. Èyí tó ń wá wà lórí Instagram, ó ní omi ìwẹ̀ aláwọ̀ búlúù lórí òrùlé, ọkùnrin kan sì ń fọn sasofóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan máa ń wà tó yan ara rẹ̀ ní alága ètò. Nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, kì í dé kíláàsì títí olùkọ́ á fi pe orúkọ tán. Ní báyìí, ó ti to gbogbo rẹ̀ sórí Excel: aago méje alẹ́, ilé ọtí orí òrùlé ní Ìkòyí, aago mẹ́sàn-án, láńjì ní Lẹ́kì, aago mọ́kànlá, etíkun, aago kan òru, kílọ́ọ̀bù ní Victoria Island, aago márùn-ún ìdájí, ẹja tútù nínú ọbẹ̀ ata. Kò síbi tó kọ oorun sí. Kò síbi tó kọ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ sí. Afárá tó so Ìkòyí mọ́ Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní 2013, kìlómítà 1.36 péré ni gígùn rẹ̀. Lóṣù Kejìlá, orí afárá yẹn ni aago mẹ́sàn-án á ti bá wọn, aago mẹ́wàá á tún wá kí wọn níbẹ̀. Wọ́n á sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ya iná afárá, wọ́n á kọ "Èkó ò ní bàjẹ́" sábẹ́ rẹ̀, ẹlẹ́gala tó ń ta gálà ní ẹ̀gbẹ́ wọn á sì ti wọnú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n dé. Láńjì náà ní iná pupa, òdòdó oníke bo ògiri kan látòkè délẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ fìdí lé àga. "Ẹ má tíì jókòó o!" Alága ló ké bẹ́ẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ká tó dà á rú." Wọ́n ya ti gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n ya tobìnrin nìkan, wọ́n ya tàwọn tó gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n wá ya ti ife. Ọtí tó ń rú èéfín nígbà tí wọ́n gbé e dé ti di omi yìnyín kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọn ò rí láti ọdún tí wọ́n ti jáde ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ara ìyá òun ò ṣe yá. "Ó mà ṣe o," ni wọ́n ń dá a lóhùn, ojú wọn wà nínú fóònù, wọ́n ń ṣa fọ́tò tí ikùn ò hàn nínú rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ dé ibi tí dókítà ti wọ̀ ọ́, alága ti dìde. Ó ní ibòmíì ló kàn.

Ẹ bá mi wo ìta o. Àwọn dẹrẹ́bà tó gbé wọn wá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá aláàgbo láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n mu ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n mu ṣẹ̀pẹ̀ díẹ̀ (dẹrẹ́bà ò gbọ́dọ̀ mu ún, àmọ́ ta ni màá sọ fún?), wọ́n ń jiyàn lórí Arsenal, ìyá aláàgbo ń dá sí i, ó ń pe gbogbo wọn ní ọkọ mi. Ẹ̀rín wọn ń wọnú láńjì lọ, ó ń bo orin mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹmu ló tiẹ̀ bí mi nínú. Láńjì ti ń ta ẹmu báyìí, nínú ife ẹlẹ́sẹ̀ gíga, wọ́n á fi ewé míǹtì lé e lórí. Ẹni tó bá mọ ẹmu mọ̀ pé kì í dúró de èèyàn. Èyí tí akọ̀pẹ gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ló dùn; tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń hó, ó ti ń kan; tó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tí ikùn rẹ̀ le ló kù fún. Èyí tí wọ́n ń gbé fún wọn laago mẹ́wàá alẹ́ ní Lẹ́kì, tó ṣì ń dùn, ọ̀pẹ wo ló ń sun sákárìn? Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tọ́ ọ wò, ó di ojú, ó ní òun ń gbọ́ òórùn ilé. Bẹ́ẹ̀ Kégáìtì ni nígbà tó wà níléèwé! Ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu tí Yunifásítì Ifẹ̀ bí, tó tàn dé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n á yí kèrègbè ká lábẹ́ igi, igbá á máa ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, wọ́n á lùlù, wọ́n á máa kọ orin tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ kọ níwájú ìyàwó pásítọ̀. Eṣinṣin tó bá kó sí ẹmu, ìka ni wọ́n fi ń yọ ọ́ dànù, igbá ò ní dúró. Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, eṣinṣin kan bà lé ẹnu ife rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe máníjà.

Ilé ọtí nìkan ò tó wọn mọ́ o, àjọ̀dún ti wọnú ètò. Ojúde Ọba, ti àwọn Ìjẹ̀bú ni tẹ́lẹ̀: ọjọ́ kẹta Iléyá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á wọ aṣọ wọn, ìdílé àwọn Balógun á gẹṣin, wọ́n á lọ júbà Awùjalẹ̀. Ní 2024 ni fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti sìgá ńlá àti awò dúdú, gba ayé kan. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó ní awò dúdú ti di ará Ìjẹ̀bú-Òde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún bíi mẹ́ta síra wọn ló ń wà nínú ọ̀kan. Ọmọ Èkìtì kan wá ń bi mí bóyá òun lè sanwó wọ Gbọ́baníyì, ọ̀kan nínú wọn, fún Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan. Ó tún fẹ́ mọ aago tí ẹṣin máa kọjá, torí ó ní ibi tó kàn.

Lóṣù Kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni. Fóònù ló yí Arugbá ká, ẹ ò lè rí igbá. Lóṣù Kẹwàá, tí wọ́n ń ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí Fẹlá ní Agídíngbì, Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, òógùn ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó, ó ń jó sí orin ọkùnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ bú ẹni tó ń wọ kóòtù nínú ooru.

Ti Ẹ̀yọ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀yọ̀ jáde ní Èkó lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá 2025, ìgbà tó jáde kẹ́yìn ṣáájú ìyẹn ni 2017, ó sì bọ́ sí àárín gbùngbùn Detty December. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọn ti di ṣùkú tó gbówó lórí, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ wọ bàtà funfun tó ní ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé Ẹ̀yọ̀ ò fẹ́ ṣùkú, kò fẹ́ bàtà, kò fẹ́ sìgá, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, ò sì mọ iye tó tẹ̀ lé ẹ lórí Instagram. Nígbà tí wọ́n máa padà sílé, ọkọ gbé bàtà sí abíyá, ìyàwó fi ìborùn wé orí, ìborùn náà gan-an èèwọ̀ mìíràn ni. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ti ń béèrè ọjọ́ tí tọdún tó ń bọ̀ bọ́ sí, kó lè tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ọdọọdún, òkú ọlọ́lá ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Èyí tó wà nínú ìwé láti 1854, ti Ọba Akítóyè ni. Ohun tí ọ̀rẹ́ wa ń béèrè ni pé èèyàn ńlá wo ni yóò kú nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní ọ̀pọ̀.

Eré ni gbogbo ìyẹn. Àjọ̀dún gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bíìlì bá dé. VAT 7.5 lórí ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀, owó-orí jíjẹ-mímu ti ìjọba Èkó, 5 lórí ọgọ́rùn-ún, wà níbẹ̀, èyí tí láńjì fúnra rẹ̀ bù lé e ń bẹ nísàlẹ̀. Ẹnì kan rántí pé ó yẹ kóun pe ilé, ó jáde. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù fi pọ́n-ùn pín in nínú orí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ká pín in dọ́gba, ṣebí ọmọ ìyá ni wá. Òun ló jẹ edé, òun ló mu tẹkílà inú ìgò tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Ó tiẹ̀ ti di òfìfo ìgò náà mọ́ àyà, ìyá rẹ̀ máa rọ àdí àgbọn sí i kó tó padà sí Gatwick. Ẹni tó ń gbowó oṣù ní náírà mu omi. Ó ń rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yìn kan, owó iléèwé ọmọ fún oṣù Kíní ló ń kà nínú ọkàn. "Tránsífà mi ò tíì wọlé ni?" "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Agbáwo dúró tì wọ́n, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó mọ ẹni tí kò tíì fi ránṣẹ́.

Nígbà tó di oṣù Kíní, ẹgbẹ́ Wásáàpù pa lọ́lọ́. Akápò nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà àkáǹtì ló sì ń kọ. Ẹni tó mu omi ti jáde nínú ẹgbẹ́. Àfi bí alága ṣe tún yọjú lọ́sẹ̀ tó kọjá: ó ní a ti mọ Èkó tán, Ìbàdàn ló kàn, Òkèbàdàn ń bọ̀ lóṣù Kẹta. Àwa ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu, a ò dáná lọ́jọ́ yẹn, orin la fi ń kí àlejò, orin náà kì í yọ orí sílẹ̀, kì í yọ imú sílẹ̀, kì í sì yọ ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò sílẹ̀. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù béèrè bóyá tábìlì VIP á wà. Mo ní á wà, iwájú pátápátá la máa fi í sí.