Ẹ má bi wá ní ohun tá a fẹ́ mọ́, ẹ sọ iye owó tó jáde fún wa

Mílíọ̀nù 36 náírà. Nínú bílíọ̀nù 218 tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025 fún iṣẹ́ àkànṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera, ohun tó jáde nìyẹn, ẹnu Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ Mínísítà ìlera nígbà tó sọ ọ́, la sì ti gbọ́ ọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin. Ẹ pín in wò. Nínú gbogbo 6,000 náírà tí wọ́n ṣèlérí, náírà 1 péré ló jáde. Alágbe gan-an ò ní gba náírà kan lọ́wọ́ yín lónìí.

A kí Mínísítà pé ó là á mọ́lẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dé ipò yẹn ló máa sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ò ra gílóòfù, òótọ́ ò sì tan iná sí yàrá ìgbẹ̀bí.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé owó ni kò jáde o, ìpàdé ìlú ò dáwọ́ dúró. Gbogbo ìpínlẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá ló ti mọ̀ ọ́n pè báyìí, Ọ̀yọ́ tiẹ̀ máa ń gbé tiẹ̀ láti ẹkùn dé ẹkùn, wọ́n ń lọ Òkè-Ògùn, wọ́n ń lọ Ìbàràpá, wọ́n ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí aráàlú lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Kò burú. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: kánópì, àga oníke, omi inú ọ̀rá, ọ̀gá tó dé lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti jókòó sú, wọ́n á kí ọba, wọ́n á kí baálẹ̀, wọ́n á wá gbé máìkì fún ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà á ní àwọn fẹ́ kí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò ní nọ́ọ̀sì lóru, torí ọmọ kì í dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n tó bí i, àwọn fẹ́ omi, àwọn fẹ́ iná. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún dé, ìyálọ́jà kan náà á tún gba máìkì, ohun kan náà náà ló máa sọ.

(Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa o, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kì í bá má mọ ọ̀nà ìpàdé yìí bí kì í bá ṣe pé World Bank fi owó síwájú wọn nínú ètò SFTAS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Kí aráàlú dá sí bọ́jẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe nígbà náà kó tó rí owó náà gbà.)

A ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé orí ìpàdé yìí ló wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ wà lókè. Aráàlú ò nílò ẹni tó máa bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò yí padà látìgbà tí wọ́n ti bí àwọn kọ́mísánnà wọ̀nyí. Ohun tí wọn ò mọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún wọn, ni iye tó jáde nínú èyí tí wọ́n kọ, ọjọ́ tó jáde, ẹni tó gbà á àti ohun tó fi ṣe. Bọ́jẹ́ẹ̀tì lásán, ìlérí ni. Owó tó jáde ni ìlera.

Ìlérí ọ̀hún gan-an ò tiẹ̀ tóbi. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025 lọ sílé aṣòfin, tírílíọ̀nù 2.48 náírà ló kà fún ìlera. Ó gbé ti 2026 lọ, àpapọ̀ ẹ̀ ti di tírílíọ̀nù 58.18, ẹ ka tìlera níbẹ̀: tírílíọ̀nù 2.48. Ṣé wọ́n kàn da ti èṣí kọ ni? Ìjọba ní tá a bá yọ gbèsè àti àwọn ohun mìíràn kúrò ó máa jẹ́ 6 nínú 100. Àwa ò yọ nǹkan kan, kò pé 5. Ní Abuja níbí náà làwọn olórí Áfíríkà ti jókòó lóṣù kẹrin 2001, tí wọ́n fẹnu kò pé 15 nínú 100 ni wọ́n á máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera, Nàìjíríà ló gbà wọ́n lálejò, Nàìjíríà ò sì tíì dé ibẹ̀ rí.

Ẹnì kan lè sọ pé bílíọ̀nù 218 yẹn yàtọ̀ sówó tó ń lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Òótọ́ ni. Owó tiwọn ni èyí tí òfin ìlera 2014 dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní BHCPF, ó kéré tán 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin o, 2018 ni owó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Látẹ̀yìn wá, 300,000 náírà ni sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní 2025 ìjọba ní àwọn ti sọ ọ́ di 600,000, àwọn tí èrò ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn á gba 800,000. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ẹ bá wa pín 600,000 sí oṣù mẹ́ta, kò pé 6,700 lójúmọ́. Díẹ́sù ti kọjá 1,000 náírà ní lítà, owó ọjọ́ kan ò lè ra lítà méje, a ò tíì dárúkọ gílóòfù, ọṣẹ, òwú, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ilé lóru. Ibi tí owó náà ò tó sí yìí, aláìsàn ló ń dí i: nínú gbogbo 100 náírà tí wọ́n ń ná sí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń ti àpò ẹni tó ń ṣàìsàn jáde. Ìdí nìyí tí aláboyún fi ń gbé bílíìṣì, gílóòfù àti òwú lọ́wọ́ wá bíbí.

Tẹ́ ẹ bá wá béèrè, ẹ ò ní rẹ́ni mú. Alága káńsù á ní owó òun ò tíì dé ọwọ́ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dájọ́ láti July 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù. Ìpínlẹ̀ á ní Abuja ni. Abuja á ní ìpínlẹ̀ ni kò mú ìpín tiẹ̀ wá, torí òfin 2014 náà sọ pé ìpínlẹ̀ àti káńsù, kálukú wọn, gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán 25 nínú 100 owó iṣẹ́ náà kí wọ́n tó lè rí lára owó iṣẹ́ ìlera alábọ́dé. Ó ti tó gẹ́ẹ́! Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń gbọ̀n fún ibà ò mọ èwo ni Abuja èwo ni káńsù.

Ohun tí à ń béèrè ò le. Gbogbo sẹ́ńtà ló ní ògiri. Kí wọ́n lẹ iye tó wọlé ní oṣù mẹ́ta àti ohun tí wọ́n fi rà mọ́ ọn, ní Yorùbá, kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ yìí ti wà nílẹ̀, òun náà ló yẹ kó máa bá ọ̀gá sẹ́ńtà jókòó ṣètò ìnáwó, ọ̀pọ̀ àdúgbò ni kò tiẹ̀ mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, dípò kí wọ́n máa fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun bí ẹni fọwọ́ sí káàdì ìkíni, kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí kọ́mísánnà ìlera àti ti ìṣúná wá ka ti èṣí.

Tí wọ́n bá sì tún ń bọ̀ wá pe ìpàdé fún bọ́jẹ́ẹ̀tì 2027, kí wọ́n mú ìwé 2025 dání, kí wọ́n kà á sétí ìlú, ohun tí wọ́n kọ àti ohun tó jáde, sẹ́ńtà kan sí èkejì, kí máìkì tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Tí wọn ò bá lè ṣèyẹn, kí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì wọn jàre, kí wọ́n fi owó kánópì ra gílóòfù.