Iná Ló Yẹ Kó Ṣáájú Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀

Ìpínlẹ̀ yòówù tó bá ń wá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, kó kọ́kọ́ mú iná mọ̀nàmọ́ná dúró ná. Bí Luton ti ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ìlú yẹn kò ṣàjèjì sí wa: ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Vauxhall ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Bedford ní 1931, ọkọ̀ tí àwọn káfíńtà wa sọ di bọ́lẹ̀kájà.

Kí mọ́tò tó dé, ìlú ọjà tó ń fi pòròpórò àlìkámà ṣe fìlà ni Luton. Àmọ́ fìlà ní àsìkò. Bí àsìkò bá ti kọjá, owó dá nìyẹn. Obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò rí iṣẹ́ tó dúró ṣe. Ní 1900, àwọn oníṣòwò àti ìgbìmọ̀ ìlú pawọ́ pọ̀ láti wá ilé-iṣẹ́ tuntun. Ilé-iṣẹ́ iná ìlú bẹ̀rẹ̀ ní 1901, wọ́n wá ń polówó iná àti ilẹ̀ tí kò wọ́n. Ní 1905, Vauxhall kó dé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kò tíì di ńlá nígbà náà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe ní 1903, sílíńdà kan ló ní, agbára ẹṣin 5, ọ̀pá ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, kò sì lè fi ẹ̀yìn rìn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí iná ń ṣe níbẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì wà nínú ààrò ọ̀dà, ọ̀dà náà kò ní jinná, yóò sì máa bó. Àfi kí wọ́n fi sáńpépà ha á, kí wọ́n tún un kùn. Bí iná bá já mọ́ wẹ́dà lọ́wọ́, ojú ibi tó ti dáwọ́ dúró lè sán. Jẹnẹrétọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọkọ̀ ló máa san owó dísù.

Ẹ má sì fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilé wa sílẹ̀. Láyé bọ́lẹ̀kájà, ṣáásí (egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró), ẹ́ńjìnnì àti sítíárìn ló ń ti òkè òkun dé. Ìyókù, igi ni, àwọn káfíńtà wa ló ń kàn án. Wọ́n mọ̀ pé ṣáásí máa ń lọ́ lójú ọ̀nà gbágungbàgun, pé bí ìṣó nìkan bá di igi mú, ihò á fẹ̀, omi á wọlé, igi á jẹrà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi yúbóòtù (irin tó tẹ̀ bíi U) de igi ìdábùú mọ́ ṣáásí, tí wọ́n á sì tún fún yúbóòtù náà le lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, torí igi máa ń súnkì bó bá ṣe ń gbẹ. Kí àdéhùn sọ ọ́ ní pàtó pé ilé ni a ó ti máa ṣe ara ọkọ̀, kì í ṣe pé ká kàn máa so táyà mọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe tán.

Ohun kan kù. General Motors ti ra Vauxhall láti 1925. Láti ìgbà náà, ẹni tó wà lókèèrè ló ń pinnu fún Luton. Ní oṣù kẹta 2025, Stellantis, ilé-iṣẹ́ tó ni Vauxhall nígbà náà, ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó kù níbẹ̀ pa. Kí àwọn gómìnà wa tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, ilẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ ìlú, owó àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì pé kí ẹ̀rọ kankan tó kúrò nílẹ̀.