Methotrexate kì í ṣe májèlé, ẹ yéé lé àwọn èèyàn sá fún un

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ, àbúrò kan nínú ìjọ wa yọ páálí methotrexate tuntun jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fẹ́ bi mí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń jí pẹ̀lú ọwọ́ wíwú kí dókítà tó rí i pé rheumatoid arthritis ni, irú làkúrègbé kan tí ara fi ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Kí n tó lanu, màmá kan tó jókòó tì wá gba páálí náà, ó kà á, ó ní: "Ọmọ mi, oògùn jẹjẹrẹ rèé o! Ìwọ tí o ò ní jẹjẹrẹ, kí lo fẹ́ fi ṣe? Á jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ tán." Àwọn tó wà nídìí tábìlì ń mi orí. Ọmọ náà dá oògùn padà sínú báàgì, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká.

Mo fọ̀wọ̀ wọ màmá, mo rọra ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí èmi náà ti ń lo oògùn yìí fún àìsàn kan náà, tí mo sì ń gbọ́ ọ: lẹ́nu ìyá ọkọ mi, lẹ́nu ẹni tó ń ta bọ́tìnì fún mi, lórí WhatsApp, kódà lẹ́nu ọmọ tó ń tajà ní kẹ́míìsì.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi methotrexate tọ́jú jẹjẹrẹ. Ìdílé oògùn yìí ni dókítà Sidney Farber lò fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní Boston, tó sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1948. Àmọ́ kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ní 1951, tí Gubner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé aminopterin, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n methotrexate, ń mú ara tu àwọn tó ní irú làkúrègbé yìí. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí methotrexate fún un ní 1988. Èwo ni ti àwọn tó ń sọ pé wọ́n ń fi wá dán nǹkan wò?

Ohun tí wọn kì í béèrè ni iye téèyàn ń lò. Káún díẹ̀ ló ń mú ewédú yọ̀. Ẹni tó bá ju odindi òkúta káún sínú ìkòkò ò ní lè fẹnu kan ọbẹ̀ náà. Nídìí jẹjẹrẹ, ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n ńlá bẹ̀rẹ̀ láti 500 mg fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lára aláìsàn. Fún àgbàlagbà, ó lé ní 800 mg, látojú iṣan, lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ń lo 15 mg lọ́sẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ pín in: kí n tó lo 800 mg yẹn, ó máa gbà mí ní ọ̀sẹ̀ 53, ọdún kan ó lé. Iṣẹ́ tí ìwọ̀n kékeré yìí ń ṣe ni pé ó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara tó ṣi ara wa mú ní ọ̀tá, tí wọ́n ń gbógun ti awọ fẹ́lẹ́ inú oríkèé.

Bó bá sì jẹ́ májèlé tó ń pa èèyàn díẹ̀díẹ̀ ni, iye òkú ló yẹ kó sọ ọ́. Wọ́n ti kà wọ́n. Ní 2002, Hyon Choi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lórí 1,240 èèyàn tó ní rheumatoid arthritis, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú ní Wichita ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣírò bí àìsàn ṣe le tó lára oníkálukú mọ́ ọn. Síbẹ̀, ewu ikú àwọn tó ń lo methotrexate fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò lò ó. Ti ikú àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 70 kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àìsàn yìí ò mọ sí ọwọ́. Iná tó ń jó nínú oríkèé ń jó dé iṣan ọkàn. Oògùn tó lè jẹ́ kí ọmọ yìí pẹ́ láyé ni màmá ń lé e sá fún.

Aránṣọ ni mí, n'Íbàdàn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, mo dé ibi tí àtàǹpàkò mi ò wọ ojú àlùmọ́gàjí mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi gé aṣọ, èmi á kàn máa fa ìlà. Láàárọ̀, mo máa ń ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ìka tó tẹ̀. Lọ́jọ́ kan, omorogùn bọ́ lọ́wọ́ mi lórí iná, àmàlà gbígbóná ta sí mi lẹ́sẹ̀. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo yàn láti máa lò ó. Wóró mẹ́ta, 2.5 mg ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi kún un títí ó fi di mẹ́fà. Mò ń lo folic acid, fítámìn tó ń dín ìnira oògùn náà kù, ní ọjọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, èébì ń gbé mi, mi ò lè jẹun. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ló sábà máa ń gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọmọ iṣẹ́ mi jáde lọ ra òwú, oníbàárà sì ń dúró de bùbá léèsì rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí láìronú. Àtàǹpàkò wọlé. Mo gé apá bùbá náà látòkè délẹ̀, mo jókòó, mo bú sẹ́kún.

Wọ́n á ní àgbo kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà mu ún rí, kí n tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Ìrora lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ojú mi ti wú bí ẹni tí agbọ́n ta, ẹ̀jẹ̀ mi sì ru. Mi ò gbé e lọ sí làábù, nítorí náà mi ò lè búra sí i, ṣùgbọ́n steroid, irú oògùn líle kan tó ń pa wíwú, máa ń ṣe ojú èèyàn bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀: ní 2022, àjọ FDA tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa Artri King, tí wọ́n ń tà fún oríkèé, pé wọ́n bá dexamethasone (steroid ni) àti diclofenac (oògùn ìrora) nínú rẹ̀, tí wọn ò kọ sára ìgò. Ní ti àwọn tó ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni rheumatoid arthritis, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa igba ọmọ Nàìjíríà tó ní in ní 2010. Mi ò ní dúró lé ìyẹn lórí.

Ewu wà níbẹ̀, mo gbà. Ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ wa yẹ̀ wò léraléra. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ni èsì tèmi gòkè; dókítà ní kí n dá a dúró díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, mo padà sí i. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó, ẹni tó bá fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Èyí tó ń já mi láyà jù ni ti ẹni tó bá ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́, nítorí ó ti pa èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára páálí.

Mo pe àbúrò náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní páálí ṣì wà nínú báàgì, òun ò tíì ṣí i. Ọjọ́bọ̀ yìí ló máa rí dókítà rẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà. A jọ ń lọ ni.